Ó-Yé-Mi àti Iná Ọjọ́ Ìsinmi

Níbi iṣẹ́ wọn, Ó-Yé-Mi ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ọkọ rẹ̀ kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi tí mo bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò tíì rí orúkọ ìnagijẹ tó bá ènìyàn mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí iná ńlá ti ń wọ ìlú, kí wọ́n tó pín in sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní yàrá kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ kún láti ilẹ̀ dé òkè, tí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára wọn. Òun ló ń jókòó tì wọ́n. Bí àwọn tó ń gun òpó bá fẹ́ tún wáyà ṣe, òun ni wọn yóò pè lórí fóònù pé kó pa iná ọ̀nà báyìí báyìí. Bí wọ́n bá parí, òun náà ni yóò tan án padà.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí wọn kì í fi ṣeré. Bí ẹnìkan bá pàṣẹ fún ọ lórí fóònù, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí o ó fi tún àṣẹ náà sọ fún un, gbólóhùn fún gbólóhùn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Wàá wá fi kún un pé, "Ó yé mi." Lẹ́yìn náà wàá dúró. Ẹni tó pàṣẹ ni yóò sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe é." Títí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, bí ilé ń jó, o kò gbọdọ̀ yí súìṣì kankan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ ẹnìkan wà lórí òpó níbìkan tó di wáyà mú.

Obìnrin tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé kò lè bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni bọ́ bàtà. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á ní, "Ìyàwó, bá mi mú ìgò omi mi wá lórí tábìlì."

Ìyàwó mi á ní, "Ẹ ní kí n bá yín mú ìgò omi yín wá lórí tábìlì. Ó yé mi, Màmá." Á wá dúró.

Màmá á wo ojú mi. Màá ní, "Ẹ sọ fún un pé kó ṣe é."

"Kí ni mo ti ń sọ bọ̀? Ṣé omi ni mo ní kó mú wá ni àbí ìbọn?"

"Ẹ sáà sọ ọ́, Màmá."

"Ó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe é. Kó o sì yára, òùngbẹ ti fẹ́ sọ mí di igi gbígbẹ."

Ìgbà náà ni yóò tó gbẹ́sẹ̀. Àwàdà ni apá kan rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà tán. Kódà níbi àdúrà ìdílé, bí mo bá bẹ Olúwa pé kó ṣọ́ àlọ wa kó sì ṣọ́ àbọ̀ wa, bí mo bá yọjú wò ó, ètè rẹ̀ á máa mì. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń tún un sọ.

Ní tèmi o, àga onítìmùtìmù ni mo ń ṣe. Mo ń ki fóòmù, mo ń rán awọ, mo ń kan ìṣó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mo máa ń darí àdúrà nínú ìjọ wa kí Pásítọ̀ tó bọ́ sórí pẹpẹ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ iná tí mo fẹ́ sọ yìí gbà kàn mí.

Nígbà kan, iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mọ́ wa lórí nínú ìjọ. Kì í ṣe bí iná ṣe ń lọ níbi gbogbo. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìwàásù bá ti ń gbóná. Fáànù á rọra dúró, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á dákẹ́, Pásítọ̀ á ya ẹnu sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní dé ẹ̀yìn mọ́. Bó bá di ọjọ́ Ajé, iná á dúró digbí títí di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí ni onígbàgbọ́ fẹ́ pe èyí bí kò ṣe iṣẹ́ ọ̀tá?

Mo kó àwọn èèyàn jọ, a gbààwẹ̀, a gbàdúrà, a bá ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ráyè wí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, iná kò lọ. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò lọ. Mo dìde, mo jẹ́rìí, ìjọ pàtẹ́wọ́, a kọrin. Mo wo ọ̀ọ́kán níbi tí ìyàwó mi jókòó sí láàárín àwọn obìnrin. Òun kò pàtẹ́wọ́. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Nígbà tí a délé, ó bi mí pé, "Dádì, òjò ló rọ̀ lónìí, àbí?"

"Òjò ìbùkún ni."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ṣé ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ náà?"

Mo ní ó ṣú. Ó ní, "Ó yé mi," ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, n kò rò pé ó yé e.

Ẹ̀rí mi kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tún dé, òòrùn ràn bí ẹni tó wá gbẹ̀san, iná sì lọ kí n tó parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá. Bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi fẹnu sí mi létí: "Ọ̀tá ti gbọ́ ẹ̀rí rẹ, ọmọ mi. Ó padà wá láti sọ tẹnu ẹ̀." N kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí.

Láti ìgbà náà, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa gba iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi wọn ṣe. Inú mi kò dùn sí i. Aya ẹni tó ń darí àdúrà, tí kò sí níbi àdúrà! Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó dé láti ibi iṣẹ́, kò tíì bọ́ bàtà, ó fà mí lọ́wọ́ gòkè lọ sí bákónì tí a máa ń sá aṣọ sí.

"Ẹ wo orí àwọn ilé yẹn. Kí lẹ rí?"

"Páànù."

"Lórí páànù ńkọ́?"

Mo tún wò ó dáadáa. Lórí ilé kan sí ìkejì, àwọn pátákó sólà ni, dúdú, wọ́n ń dán bí omi inú agbada. Mo ti ń rí wọn tipẹ́, àmọ́ n kò tíì wò wọ́n rí.

Ó ní, "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa nìkan ni iná ti ń jáde lọ sílé àwọn èèyàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ní báyìí, àwọn ilé náà ń ṣe iná fúnra wọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kò sí wàhálà, ẹ̀rọ ìránṣọ yín ń lo díẹ̀, àwọn tó ń jó irin ń lo díẹ̀, àwọn tó ń la pákó ń lo púpọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí lẹ ṣe sí ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Mo tì í."

"Gbogbo yín lẹ tì í. Òòrùn ò ti tiẹ̀."

Ó ní iná tí kò rí ẹni lò ó yìí ló máa ń yí padà tí á máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé. Iṣẹ́ kan tí wọ́n fi rán an ni pé iná kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láti ìta. Bó bá rí èyí tó ń wọlé, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn, kó pa gbogbo rẹ̀ kíákíá. "Kò mọ sólà," ni ìyàwó mi wí. "Nígbà tí wọ́n ń rán an níṣẹ́, kò sí sólà. Olè ló rò pé ó ń bọ̀. Bí òjò bá wá rọ̀, àwọn pátákó yẹn ò ní ṣe iná kankan, kò ní rí olè, kò ní pa á."

Mo yíjú sí i. "Ìyẹn ni pé, torí pé a pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́ bí Ọlọ́run ṣe ní ká pa á mọ́, ni iná fi ń lọ nílé Ọlọ́run?"

Ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wí i fún Pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Á ní mo ti sọ yín di kèfèrí."

"Sọ fún ẹ̀ṣọ́ náà nígbà náà kó yéé pa iná."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní bí a bá ní kí ẹ̀ṣọ́ náà gbójú kúrò, á gbójú kúrò lọ́jọ́ tí wáyà bá já bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà lọ sílé ìwé. Òun ti bi ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn, ẹni jẹ́jẹ́ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, sọ fún un pé, "Sáà máa tan án padà, ọmọ mi. Má jí ohun tó ń sùn kí n tó relé." Ìyàwó mi ní òun ti ka gbogbo ìwé tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀. Òun ti ń ṣe ìṣirò sórí bébà títí orí fi ń fọ́ òun.

"Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Dádì. Ohun tí a ó ṣe sí i ni n kò mọ̀. Kò yé mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó wá sọ èyí tó fẹ́ sọ gan-an, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lórí àwọn òrùlé yẹn. "Mo fẹ́ padà sílé ìwé. Mo fẹ́ lọ gba dígírì kejì nípa iná ńlá."

Yunifásítì tó ń wí, ìlú mìíràn ló wà. Yóò máa gbé lọ́hùn-ún, yóò máa wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, fún ọdún méjì gbáko. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ṣì wà nílé ìwé girama, Màmá ti dàgbà, èmi kò mọ̀ ju kí n ki fóòmù lọ. Ó ń dúró de ohun tí màá wí. Mo ní, "Jẹ́ ká gbàdúrà sí i."

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà mìíràn, àdúrà la ń gbà sí i lóòótọ́. Nígbà mìíràn, ilẹ̀kùn la fi ń tì. N kò sọ pé rárá, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ní ká gbàdúrà sí i. Ó yé mi," ó sì dìde lọ bọ́ bàtà.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ ilé ìwé lọ, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Bí ó bá jẹ́ òòrùn ni mo pè ní Sátánì, tó sì jẹ́ òjò ni mo pè ní ìṣẹ́gun, èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú àwọn ẹ̀rí yòókù? Ẹsẹ̀ mi tó san lẹ́yìn àdúrà, ṣé nǹkan kan náà wà lẹ́yìn tirẹ̀ tí n kò mọ̀? Àbíkẹ́yìn tó dé lẹ́yìn tí a ti dúró títí ńkọ́? Láràárọ̀, kí n tó ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn egungun àga. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo ń dúró. Kò sẹ́ni tó tún un sọ fún mi.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ kan tí ó wá gbé omi fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ìwọ tó o mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí a ń sọ síbi tí a kò ti rí ẹni tó ń gbọ́. Ṣé o rò pé Ó ń gbọ́?"

Ó jókòó sórí àga kan tí n kò tíì fi aṣọ bò. "Nígbà mìíràn, bí mo bá tún àṣẹ sọ tán, fóònù á dákẹ́. N kò ní gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bóyá ìlà ló bàjẹ́, bóyá ẹni ọ̀hún ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, n kò lè mọ̀."

"Kí lo máa ń ṣe?"

"Òfin ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, ká má sì kúrò nídìí fóònù."

Ó gbé ife, ó lọ. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú mi. N kò tíì kúrò nídìí fóònù ṣáá.

Ó kọ̀wé sí yunifásítì náà. Wọ́n dáhùn pé ààyè kan ṣoṣo ló kù fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, pé àwọn olùkọ́ mẹ́ta yóò bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó lè sọ ìdí tó fi fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ náà. Bí ilé wa ṣe di ilé ìmọ̀ràn nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó sọ pé òun fẹ́ di ọ̀gá. Pásítọ̀ ní kó sọ pé Ẹ̀mí ló darí òun. Èmi ní kó sọ pé òun fẹ́ ṣe aráyé lóore. Àbíkẹ́yìn wá ìdáhùn aládùn kan jáde nínú fóònù rẹ̀, ó ní kí ìyá òun kọ́ ọ sórí: "Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ iná ti ń wù mí bí oyin."

"Láti kékeré ni ẹ̀rù iná ti ń bà mí," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì kú."

Màmá nìkan ni kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Wọ́n kàn ń ráhùn. "Obìnrin tí irun ẹ̀ ti ń funfun, ó ń lọ jókòó pẹ̀lú ọmọdé. Ta ni yóò wá máa dá mi lóhùn nínú ilé yìí? Ọkọ rẹ yìí? Bí mo bá ní kó gbé omi wá, á ní ká gbàdúrà sí i."

Mo gbọ́ o. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ náà kò, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lọ̀ dáadáa, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní pálọ̀, lórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ tuntun bò nítorí rẹ̀. Èmi àti Màmá dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà yàrá, kí wọ́n má bàa rí wa. A ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, a sì ń rí ojú àwọn mẹ́ta náà nínú kọ̀ǹpútà: ọkùnrin onígíláàsì kan, ọkùnrin kan tó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, àti ìyá kan tí orí rẹ̀ funfun báláú, tí kò sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n kí i, ó kí wọn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kékeré kan méjì nípa ilé ìwé tó lọ tẹ́lẹ̀, ó dáhùn.

Onígíláàsì wá ní, "Ó dáa, Máà. Ẹ sọ fún wa, kí ló mú yín fẹ́ padà wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná ńlá lẹ́yìn ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́?"

Mo rí èjìká ìyàwó mi tó le. Ó ti ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rù ló mú un, ẹnu rẹ̀ sì gba ọ̀nà tó mọ̀.

"Ẹ ní kí n sọ fún yín ohun tó mú mi fẹ́ padà wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná ńlá, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́," ó wí, ketekete, bó ṣe máa ń sọ ọ́ sínú fóònù. "Ó yé mi."

Ó wá dúró.

Wọ́n ń wò ó. Ó ń wò wọ́n. Onígíláàsì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí pé ó ń gbọ́. Ìyàwó mi kò mira. Orí mímì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu; a kì í fi orí mímì yí súìṣì.

"Máà? Ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Mo ń gbọ́ yín ketekete, sà."

Ó tún dákẹ́. Onírùngbọ̀n tẹ̀ síwájú. "Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà." Onígíláàsì ti ń wo aago. Mo mọ ohun tó ń dúró dè, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún wọn. Mo ń wí nínú ọkàn mi pé, Olúwa, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, jọ̀wọ́ fi sí ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu.

Màmá ni kò lè fara dà á mọ́. Wọ́n gbá kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ké tòò bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́: "BẸ́Ẹ̀ NI! ṢE É!"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì ta gìrì. Ìyàwó mi fọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n ìyá olórí funfun yẹn, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi etí aṣọ nù ún. Nígbà tó rí ohùn, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Ìyá ọkọ mi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ni màá bínú sí? Wọ́n mọ iṣẹ́." Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Èmi náà jókòó nínú irú yàrá yẹn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ pàṣẹ fún un, ó tún un sọ, ẹ̀yin kò dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ èmi náà ni, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ì bá ti ṣú bá mi." Ó tún wo ìyàwó mi. "Ó dáa, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣe é."

Nǹkan kan tú sílẹ̀ nínú obìnrin náà. Gbogbo ìmọ̀ràn tí a kó jọ fún un, kò rántí ọ̀kan. Ó ní, "Iná máa ń lọ nínú ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi tí òòrùn bá mú," ó sì ròyìn rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: òjò, òrùlé, ṣọ́ọ̀bù tí a tì, ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ sólà. Ó sọ nípa ọmọdé àti wáyà tó já. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti dé ibi iṣẹ́, ó yé mi ni mò ń sọ. Èyí kò yé mi. Bí mo bá dúró síbi tí mo wà, màá máa tan án padà títí màá fi fẹ̀yìn tì, kò sì ní yé ẹni tó bá gba ipò mi náà."

Onírùngbọ̀n ní, "Kí lẹ rò pé a lè ṣe sí i?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwa náà má tíì mọ̀ ọ́n tán? Gbogbo ibi tí sólà ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ti ń wá a."

"A ó jọ máa wá a nìyẹn, sà. Ẹ̀yin ni ẹ máa fi ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ hàn mí."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú wọn ti kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó yí padà sí wa. Mo rò pé yóò bínú sí Màmá. Ó kúnlẹ̀, ó gbá wọn mọ́ra ní ìbàdí. Màmá ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n ń wí pé, "Àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo yìí, wọn ò mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé kó o ṣe é? Mo ti lo ọdún mélòó lẹ́nu kíkọ́ rẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, ó bá mi di etí awọ mú kí n lè kàn án. Akọ̀wé ilé ìwé ló ń pè. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, kò fi awọ sílẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ti fún mi láàyè náà, kí n wá ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀," ó wí. "Ó yé mi."

Ó dúró.

Akọ̀wé ti gbé fóònù sílẹ̀ ní tirẹ̀. Èmi náà gbọ́ bó ṣe dún tí ó sì dákẹ́. Ìyàwó mi kò gbé tirẹ̀ kúrò létí. Ó dúró níbẹ̀ tòun ti awọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára mi. N kò tíì dá a lóhùn láti ọjọ́ bákónì yẹn. Ó mọ̀, mo mọ̀. Obìnrin tó lè sọ pé òun ti gbàdúrà sí i tó, kò sọ ọ́.

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Ṣe é."

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Ọjọ́ Ẹtì ni ó ń dé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń padà, tòun ti ìwé tí n kò lè ka àkọlé rẹ̀. Ó ní ìyá olórí funfun yẹn le bí ojú ẹja, kì í gba "ó yé mi" lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ara ìyàwó mi yá gágá. Mo ti mọ bí a ṣe ń se nǹkan tó ṣeé jẹ, Àbíkẹ́yìn ní ó ṣeé jẹ bí ebi bá pọ̀. Ní ti Màmá, bí mo bá ní kí wọ́n lo oògùn wọn, wọ́n á ní, "O ní kí n lo oògùn mi," wọ́n á sì jókòó, wọ́n á máa wò mí, títí màá fi sọ ọ̀rọ̀ tó kù.

Iná ṣì ń lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, òòrùn mú, mo wà níwájú ìjọ, mo ti di ojú, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìlera àti iṣẹ́. Mo gbọ́ tí bàbá arúgbó tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi wúkọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ yọ mí lẹ́nu, mo sì mọ̀ kí n tó lajú pé iná ti lọ. Fáànù ti dúró. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Mo gbé e sílẹ̀, mo gbé ohùn mi sókè díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, mo sì ń bá àdúrà náà lọ.